Orí Òkè Tí Wọ́n Ti Ń Ṣọ́nà

Ọjọ́ kejì tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ túká ni mo dé Igbó Ìdáàṣà. Ẹsẹ̀ òkè Arigbo ṣì kún fún ọ̀rá omi tí wọ́n ti mu tán, fún àbẹ́là tó ti yọ́ mọ́ ara òkúta, àti ẹyọ sálúbàtà ọmọdé kan tí ìkejì rẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ sí ìlú tí n kò mọ̀. Láti 1954 ni àwọn Kátólíìkì ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún nínú oṣù Ògún, tí wọ́n ń wá kí Màríà nínú ihò àpáta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní í tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní àyíká bàsílíkà, tí wọn yóò kọrin mọ́jú. N kò bá wọn níbẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí èrò bá ti pọ̀, èrò inú kì í ráyè jókòó.

Orúkọ méjì ni ìlú yìí ń jẹ́, orúkọ kan náà sì ni méjèèjì. Igbó Ìdáàṣà ni àwa Yorùbá ń pè é. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní Dassa-Zoumè, inú igbó sì ni zoumè lédè tiwọn. Ti Fọ̀n yìí ni àwọn Faransé gbọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé, òun ló sì wà lára pátákó ẹ̀bá títì títí dòní. Àwọn onílé fúnra wọn kì í pe ṣ bí a ti ń pè é ní Abẹ́òkúta. Ahọ́n wọn a kọ́kọ́ kan àjà ẹnu kí ó tó tú u sílẹ̀, yóò wá dún bí ẹni pé t ló ṣíwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe sí orúkọ Ṣábẹ. Nínú àkọtọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, c ni wọ́n fi ń kọ ìró náà: Idaaca, Cabɛ. Nígbà tí ìyá kan tó ń ta ọsàn kọ́kọ́ kí mi, mo ní èdè mìíràn ló ń sọ. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé bí mo ṣe sùn lóru ló ń béèrè, pé ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ tí n kò rí lára rẹ̀ rí.

Ẹni tó bá ń ti Kútọnu bọ̀ yóò rin nǹkan bí 200 kìlómítà lórí ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní kí ojú rẹ̀ tó bá àwọn òkè náà. Kò sí òkè kékeré tó ń ṣe ìkìlọ̀ níwájú wọn. Oko ẹ̀gẹ́ ni, oko kajú ni, ọ̀pẹ díẹ̀ ni, lójijì àpáta dúdú kan á yọrí, òmíràn á tẹ̀ lé e, òmíràn á fara pamọ́ sẹ́yìn ìyẹn. Mọ́kànlélógójì ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. N kò kà wọ́n. Mọ́kànlélógójì jẹ́ iye ọlọ́wọ̀ ní gbogbo ẹkùn yẹn, iye tí wọ́n fi ń júbà ohun tó pọ̀ ju ẹnu lọ. Ẹni tó bá ń na ìka sí òkè kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó pé ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé òkúta akọ yìí ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ló wà nígbà tó ń dì, tó ṣì gbóná tó ń ṣàn bí ẹ̀kọ, pé òjò àti afẹ́fẹ́ ló fọ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi hàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Ojú ló ń tàn wá tí a fi ń sọ pé òkè dìde. Òkè kò dìde rárá. Ilẹ̀ tó yí i ká ló ń lọ, òun ló kọ̀ tí kò lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe amọ̀nà àlejò ló mú mi gba ẹ̀yìn ìlú gun ọ̀kan nínú wọn, èyí tí kò ga jù. Ó ń da Faransé mọ́ Ìdáàṣà, ó sì ń yíjú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà láti wo ẹsẹ̀ mi. “Bàbá, ibi tí mo bá fẹsẹ̀ sí ni kí ẹ fẹsẹ̀ sí.” Alángbá ń sá wọ inú pálapàla àpáta níwájú wa. Òjò òwúrọ̀ ti lọ, omi rẹ̀ ṣì dúró sínú àwọn kòtò kéékèèké lórí òkúta, ó mọ́ gaara, ojú ọ̀run wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí a débi tó tẹ́ lórí, ọmọkùnrin náà lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbájú mọ́ fóònù rẹ̀. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ dá wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Láti ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìlú yìí ti hàn. Títì tó ti gúúsù wá pín sí méjì lẹ́sẹ̀ òkè. Ọ̀kan kọrí sí Ṣábẹ àti Párákú, yóò sì lọ títí dé etí odò Ọya ní Malanville. Èkejì yà sí Savalou, ó ń lọ sí Djougou àti Natitingou. Ojú irin náà wà níbẹ̀, 438 kìlómítà láti Kútọnu dé Párákú, tí ọkọ̀ èrò kì í gbà mọ́. Tírélà ń tẹ̀ lé ara wọn bí ìjàlọ. Òrùlé páànù tuntun ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ju ibi yòókù lọ, nítorí ìlú náà ń dàgbà tẹ̀ lé ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀yìn sí òkè. Ìkànìyàn 2013 ka ènìyàn tó lé ní 110,000 sí àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Òun sì ni olú ìlú ẹkùn Collines báyìí. Ilé tó ń dìde níbẹ̀ kò ní dín kù.

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè. “Bàbá, ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni gbogbo àlejò ti ń ya fọ́tò. Ibẹ̀ ló dára jù.”

Mo yọ fóònù mi. Ọwọ́ mi ti gòkè kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ̀ mí lára. Kí ló mú kí ibẹ̀ dára jù? Nítorí pé kò sí ẹni tó lè gba ojú ọ̀nà kankan wọ̀lú tí ẹni tó dúró síbẹ̀ kò ní rí i. Ẹni tó kọ́kọ́ gun òkúta yìí kò wá wo ìran. Ó wá ṣọ́nà ni. Ibi tí ilẹ̀ ti rẹwà jù lójú mi ni ọ̀tá ti hàn jù lójú tirẹ̀. Mo fi fóònù padà sápò, mo jókòó.

Ìtàn àwọn Ìdáàṣà sọ pé Jagun Ọlọ́fin ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá síbẹ̀, ìdílé Ọmọ Jagun ló sì ń jọba lé wọn lórí. Bíọ́dún Adédìran, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1994 lórí àwọn ìjọba ẹnu ààlà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, to ìtàn wọn mọ́ ti Kétu àti ti Ṣábẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà ni kì bá tí mọ̀ wọ́n rárá bí kì í bá ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọn kò jìnnà sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì. Ibẹ̀ ni ìṣòro wọn ti wá. Ìjọba Dàhòmì, tó ti fi ẹrú títà ṣe oúnjẹ òòjọ́, a máa jáde ogun nígbà ẹ̀rùn, nígbà tí odò ti fà, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ lọ́nà, tí iná ti jó koríko tó lè dí ojú. Mo gbìyànjú láti rò ó bí yóò ti rí. Fún àwa, ìgbà ọyẹ́ jẹ́ ìgbà ìtura: iṣu ti wà nínú abà, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, ọmọdé ń fi òróró pa ètè tó bó. Fún àwọn, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, ojú ọ̀nà gúúsù ni wọn yóò máa wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òkè ni àwọn fi ń ṣọ́ tiwọn.

Bí olùṣọ́ bá ti rí eruku, ìsàlẹ̀ á gbọ́, ilé gbogbo á gòkè. Ní Camaté-Shakaloké, abúlé olókè kan tí kò jìnnà sí ìlú, wọ́n ṣì ń fi ibi tí àwọn baba wọn ti fara pamọ́ han àlejò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ohun tí ìwé ìtàn kì í kọ. Omi: ta ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn ọ́n, ta ni wọ́n sì ń rán tí wọn kò ní sunkún jù bí kò bá padà wá? Ọmọ ọwọ́: báwo ni wọ́n ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́? Iná: ṣé ọ̀sán ni wọ́n ń dá a, tí èéfín á tú wọn fó, àbí òru, tí ọwọ́ iná á hàn? Iyán wá ńkọ́? Ìró odó máa ń rin jìnnà. Nígbà èwe mi, tí a bá wà lóko, a máa ń gbọ́ ti abúlé kejì, a sì máa ń mọ ẹni tí àlejò dé bá. Ẹni tó ń sá fún ogun kò lè gún iyán. Yóò sun iṣu jẹ, yóò sè é jẹ, yóò jẹ ẹ́ ní tútù tó bá di kàráǹgídá. Mo rò pé èyí yóò dùn wọ́n lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ebi: kí iṣu wà, kí odó wà, kí apá tó lè gún un wà, kí a sì máa wo odó náà níbi tó dojú dé sí, nítorí ariwo.

Ìdí Olúmọ ni wọ́n bí mi sí, ní Ìkìjà. Ní 1830 ni àwọn baba wa sá wọ abẹ́ àpáta yẹn, orúkọ Abẹ́òkúta sì ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kó wa lọ síbẹ̀, ó fi àwọn ihò kéékèèké hàn wá nínú ilẹ̀ àpáta, ó ní ihò wọ̀nyí ni àwọn obìnrin ìgbà ogun fi ṣe odó. Mo ki àtàǹpàkò mi bọ ọ̀kan. Inú rẹ̀ ń dán bí inú àwo. Eré ọmọdé ni mo rò pé wọ́n fi í ṣe nígbà náà, nítorí odó ilé wa tóbi ju mí lọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Orí òkè àwọn ẹlòmíràn ni ó ti wá jọ mí lójú pé ihò náà kò lè tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fi ọwọ́ lọ̀ nínú àpáta kì í pariwo.

Ogun Dàhòmì kan náà ló wá bá àwọn Ẹ̀gbá ní 1851, nígbà ọba Gezo, àti ní 1864, nígbà ọba Glele, wọ́n sì lé e padà lẹ́ẹ̀mejèèjì níbi odi ìlú. Wọ́n kọ́ wa ní ìṣẹ́gun yẹn dáadáa. Mo ti kọrin nípa rẹ̀, mo ti yan fún un nínú aṣọ iléèwé. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé àwọn kan wà ní ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Ẹ̀gbá, tí ogun náà ń ké mọ́ léraléra, tí wọn kò ní òyìnbó tí ń fún wọn ní ìbọn, tí òkè nìkan ni wọ́n ní. A ń yọ̀ pé ogun náà yí padà lọ́dọ̀ wa. Ibo la rò pé ó yí padà lọ?

Ọmọkùnrin náà wá jókòó tì mí. Fídíò kan ló fẹ́ fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀: Chongqing, ìlú olókè kan ní Ṣáínà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba àárín ilé alájà púpọ̀ kọjá ní ibùdókọ̀ Liziba, tí àwọn ènìyàn ń gbé lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilé lórí ilé, afárá lórí afárá, iná aláràbarà títí dé etí odò. Ojú rẹ̀ ń tàn. “Bàbá, àwọn náà ní òkè bíi tiwa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é.” Ó ní òun fẹ́ kọ́ èdè wọn ní Kútọnu, níbi tí ilé àṣà Ṣáínà ti wà láti 1988. Inú mi dùn sí ohun tó ń fẹ́. Ọmọ tó bá wà lórí òkè yẹ kó lè wo ibi tó jìnnà.

Ṣùgbọ́n èmi ti mọ orúkọ Chongqing tẹ́lẹ̀, láti inú ohun tí mo kà nípa Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí Japan ń gba àwọn ìlú ńláńlá Ṣáínà lọ́kọ̀ọ̀kan, Chongqing ni ìjọba wọn sá lọ, sí àárín òkè. Láti 1938 dé 1943 ni ọkọ̀ òfuurufú Japan ń ju bọ́ǹbù lé e lórí. Àwọn ará ìlú gbẹ́ ihò wọ inú òkè, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń sá wọ̀ bí fèrè ìkìlọ̀ bá ti dún. Ní oṣù kẹfà 1941, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa wọ́n, afẹ́fẹ́ ló tán. Lónìí Chongqing àti àwọn àgbègbè abẹ́ rẹ̀ ní ènìyàn tó lé ní 30 mílíọ̀nù, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ihò ogun wọ̀nyẹn ti di ilé oúnjẹ. Wọ́n á gbé ìkòkò ọbẹ̀ pupa tó ń ta lẹ́nu kaná láàárín tábìlì, oníkálùkù á máa ki ẹran tirẹ̀ bọ̀ ọ́, òógùn á máa bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín á máa dún, ooru ọbẹ̀ á sì máa kan àjà òkúta tí ìyá kan ti gbé ọmọ mọ́yà lábẹ́ rẹ̀ rí.

Mo sọ èyí fún ọmọkùnrin náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí: “Ṣé ẹ̀rù kì í bà wọ́n láti jẹun níbẹ̀?”

N kò rí ìdáhùn fún un. Mo ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri láti ọjọ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ṣe mí bí ẹni tó rí ènìyàn tó ń jó lórí sàréè. Mo wá bi ara mi pé, kí ni ẹni tó fara pamọ́ ń dúró dè? Kì í ṣe pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níbẹ̀ títí ayé. Ìgbà tí òun yóò lè dáná láìfi ewé bo èéfín ló ń retí, tí ọmọ yóò sunkún tí ẹnìkan kò ní fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń jẹun nínú ihò yẹn ń jẹ oúnjẹ tí àwọn tó sá wọ ibẹ̀ ń rò. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ má mọ ibi tó jókòó sí. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó jẹun, kí ó rẹ́rìn-ín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ kí ẹnìkan rọra sọ fún un kí ọbẹ̀ tó dé, kì í ṣe láti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́.

Àwọn òkè Ìdáàṣà kò sí láìní ẹni tó ń bá wọn gbé. Àwọn ará Àgbómẹ̀ fúnra wọn gbà pé ilẹ̀ Ìdáàṣà ni wọ́n ti gbé Ṣakpata lọ sílé, ẹni tí àwa ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Ilẹ̀gbóná kí a má baà dá Ṣànpọ̀nná lórúkọ. Wọ́n wá kó ènìyàn, wọ́n kó òrìṣà tó ń bà wọ́n lẹ́rù pẹ̀lú. Nàná Bùkúù, òrìṣà mìíràn tí ìbọ rẹ̀ jinlẹ̀ ní ẹkùn náà, bá àwọn tí wọ́n tà kọjá òkun, wọ́n ṣì ń bọ ọ́ ní Brasil. Màríà ló dé kẹ́yìn, inú àpáta náà ni òun pẹ̀lú jókòó sí. Nígbà tí mo ń ti ẹ̀gbẹ́ Arigbo kọjá, mo rí obìnrin àgbàlagbà kan tó ti gbàdúrà rẹ̀ tán níwájú ère. Kó tó lọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara òkúta náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí a ti ń pa ẹ̀yìn ọmọ. N kò bi í pé ta ló ń kí.

Ìsàlẹ̀ ni ohun tó bà mí nínú jẹ́ wà, lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ ìborùn tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, òòlù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fọ́ òkúta. Òkìtì ńlá ni ti èyí tó tóbi bí ìkúùkù, òkìtì mìíràn ni ti èyí tó dà bí ẹyin ẹyẹlé. Àwọn tó ń da kọnkéré ló ń rà á. Níbòmíràn nínú ẹkùn náà, ẹ̀rọ ló ń fọ́ ọ, tírélà sì ń kó o lọ sí gúúsù, sí Kútọnu, níbi tí kò sí òkè kankan, tí gbogbo ilẹ̀ jẹ́ yanrìn, tí ilé sì ń ga sí i. Ìlú tó ń yára dàgbà gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò jẹ. Òkè tó kọ̀ tí kò lọ nígbà tí òjò ń fọ ilẹ̀ lọ, tó kọ̀ tí kò lọ nígbà tí ogun dé, ọkọ̀ ń gbé e lọ báyìí ní wẹ́wẹ́.

N kò bínú sí àwọn obìnrin náà. Ọ̀kan nínú wọn fi aṣọ di ojú kan tí òkúta ta sí, kò sì dúró. Owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló wà nínú òkúta, òun ló ń fi òòlù wá a. Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe àkóso jókòó, kí wọ́n dá orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan tí òòlù kò gbọdọ̀ kàn, kí wọ́n sì wá iṣẹ́ mìíràn fún àwọn tó ń fi òòlù jẹun. Bí wọ́n bá ṣe èkínní láìṣe èkejì, ìkà ni wọ́n ṣe. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè sí ara Olúmọ ní ọ̀dọ̀ wa, kí àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn lè fi rí òkè rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Òkè tí a bá fi nǹkan kún ṣì jẹ́ òkè. Èyí tí a bù lọ, kò sí ẹ̀rọ tí yóò gbé e padà.

Òòrùn ti yí nígbà tí mo dé ìkóríta, ibi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí àríwá ti máa ń dúró jẹun. Ọ̀sẹ̀ iṣu tuntun ni. Ní Savalou, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ògún ni wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀, ọjọ́ kan náà tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe ọdún ìgbàsókè Màríà. Lọ́jọ́rú, ọjà Glazoué á kún fún un títí dé ojú ọ̀nà. Laboko ni wọ́n ń wá jù, iṣu tó tètè ń jáde, tó funfun, tí kì í ta kókó nínú odó. Iṣu tí wọ́n ń pè ní kòkòrò ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ni wọ́n ń gé gbẹ fún èlùbọ́. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí lè bá ará ìlú náà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìsí pé ọ̀rọ̀ tán.

Mo wọ bùkà kan tí àga rẹ̀ kọjú sí òkè. Ìyá tó ni ín kí mi, ó béèrè ọbẹ̀ tí mo fẹ́. Ẹ̀gúsí wà, ọbẹ̀ ẹ̀pà wà. Ní ilé wa, a kì í fi ẹ̀pà jẹ iyán, nítorí náà ẹ̀pà ni mo ní kó bù fún mi. Ó fi wàrà tí wọ́n dín sí i, irú tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní wàgàṣì, tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe. Ó le ju wàrà ọ̀dọ̀ wa lọ, ara rẹ̀ pupa nítorí pé pòròpóró ọkà bàbà ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Ọbẹ̀ náà nípọn, irú tí wọ́n fọwọ́ lọ̀ sínú rẹ̀ ń ta sánsán. Iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ irú ọbẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ayé láìmọ̀ pé ẹ̀pà lè bá iyán mu tó bẹ́ẹ̀.

Iyán èkínní ti tán kí n tó dé, wọ́n ń gún òmíràn lọ́wọ́ lẹ́yìn bùkà. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló yí odó kan ká, ọmọ odó mẹ́ta. Bí ọ̀kan ti ń gòkè ni ọ̀kan ń balẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wo ọwọ́ ẹnìkejì. Ìró náà wúwo, ó ń gba ilẹ̀ wá sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo tẹ́tí dáadáa, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láti ẹ̀yìn bùkà, lẹ́ẹ̀kan láti ara àpáta tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń gbà á tó sì ń dá a padà.

Mo ṣíwọ́ oúnjẹ, mo ń gbọ́ ọ. Ìyá náà rí mi. Ó fi ọwọ́ sí etí, ó béèrè pé ṣé ariwo àwọn ọmọ òun kò dí Bàbá lọ́wọ́, kí wọ́n sún odó jìnnà díẹ̀.

Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa gún un.